Òjé Inú Ilẹ̀kùn

Bí ẹ bá ti rí káfíńtà tó ń fi ìka kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn, tó tún ń ṣẹ́jú wo ẹni tó gbéṣẹ́ fún un bóyá onítọ̀hún yóò yìn ín, Ìka-Kan lẹ rí yẹn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé ládùúgbò. Kò sí ilẹ̀kùn tó kàn rí tí kò fi ìka dán wò lójú oníbàárà. Bí ilẹ̀kùn bá lọ láìdún, tó sì padà láìha, á ní, "Ẹ wò ó, ọmọ ọwọ́ á ṣí i."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń na ìṣó tó ti wọ́. Ìyàwó rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì tó àkókò tí wọ́n ń ṣíwọ́ lọ́sibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò kí ọkọ rẹ̀, kò sì jókòó. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

"Arẹwà, kí ló dé? Ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Báàjì mi ni," obìnrin náà dáhùn. "Wọ́n ní báàjì mi ti mu ìtànṣán."

Òòlù dúró lọ́wọ́ Ìka-Kan. Ó mọ báàjì náà dáadáa. Akọ̀wé ni ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun. Òun ló ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá fọ́tò, tó ń pe àwọn aláìsàn wọlé sọ́dọ̀ Ọ̀gá Onífọ́tò, ẹni tó ń yà wọ́n. Gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà ló ń fi báàjì pẹlẹbẹ kan há àyà aṣọ. Wóró kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba ìtànṣán tó ń jáde lára ẹ̀rọ fọ́tò pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á kó báàjì wọn jọ ránṣẹ́ sí àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, kí wọ́n lè wo iye tó ti kan olúkúlùkù. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi tirẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ rí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀gá Onífọ́tò ni. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Mo ti mọ̀ pé kò dáa. Ẹni tó fẹ́ sọ ohun rere fúnni kì í ní ká jókòó ná."

"Báàjì tiẹ̀ ńkọ́?"

"Kò mu nǹkan kan. Tèmi nìkan ló mu. Ọ̀gá àgbà ọsibítù ní èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ sínú yàrá fọ́tò. Mo ní mi ò gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ rí, ó ní ṣé báàjì máa ń rìn ni."

"O máa ń mú un wálé lójoojúmọ́. Èmi ni mo kan ìṣó tí o fi ń gbé e kọ́ ara ògiri."

"Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Kò gbà."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn Ìka-Kan. Ọdún tí òun àti obìnrin yìí ti fẹ́ra ti pọ̀ débi pé àwọn ẹbí ti ṣíwọ́ bíbéèrè ọmọ, wọ́n kàn ń kí wọn ni. Oyún tó wà níkùn rẹ̀ yìí ni àkọ́kọ́.

"Ọmọ ńkọ́?" ó béèrè.

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn," ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ìka-Kan ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sin ìyàwó rẹ̀ délé, ó sì gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkòríta lọ. Dókítà Àdúgbò ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó kàn ti ta oògùn pẹ́ débi pé ó ti gbàgbé pé òun kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

"Ìtànṣán?" Dókítà Àdúgbò mi orí. "Ìtànṣán kì í ṣe nǹkan à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àfi ká yáa fọ̀ ọ́ kúrò lára."

"Ṣé ó ṣeé fọ̀?"

"Kí ni kò ṣeé fọ̀ láyé yìí?" Ó na ọwọ́ sẹ́yìn káńtà, ó fa ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi bébà wé yọ. Kò sí orúkọ lára bébà náà. "Kó má jẹun láti àárọ̀ ọ̀la. Tí ọ̀sán bá pọ́n gan-an, kó pò ó mọ́ omi, kó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ó lóyún o."

Dókítà Àdúgbò yọjú wo títì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tí oyún náà bá dúró, ẹ dúpẹ́. Tí kò bá dúró, ẹ ṣì máa dúpẹ́ náà ni. Ọmọ tí ìtànṣán ti bá nínú ikùn, ṣé ojú ẹ gbà á kí o rí i?"

Bí ẹni tó ń lálàá ni Ìka-Kan ṣe gba bébà náà. Ó rò pé òun yóò bu ọ̀rọ̀ kù nígbà tí òun bá délé, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sì sọ ọ́. Obìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó dákẹ́, ó gba ìyẹ̀fun náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọmọ òun yóò wá sáyé wá jìyà ni, òun yóò mu ún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ìka-Kan ní òun yóò lọ bá ọ̀gá àgbà, kó lè mọ̀ pé ìyàwó òun kì í ṣe aláìbìkítà. Ó kéré tán, ẹ̀sùn kan yóò kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Kí á tó tẹ̀ lé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá fọ́tò, torí Ìka-Kan ló tún un ṣe ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn náà tóbi, ó wúwo, ó sì ti fa hínjì rẹ̀ wálẹ̀ débi pé èjìká ni wọ́n fi ń tì í. Ìgbàkígbà tó bá padé, á dún gbàà, àwọn tó jókòó á ta gìrì. Ọ̀gá Onífọ́tò wà nínú ìsinmi nígbà náà. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n pe káfíńtà, wọ́n sì pe Ìka-Kan.

Ó tú ilẹ̀kùn náà palẹ̀. Àárín pákó iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó bá òjé kan níbẹ̀, ó gbòòrò, ó sì nípọn. Ẹ̀rín pa á. Ó ní ẹni tó kan ilẹ̀kùn yìí, ọ̀lẹ ni, ó rí i pé igi òun kò dára, ó wá fi òjé wúwo sínú rẹ̀ kí wọ́n lè pè é ní iṣẹ́ gidi. Ó yọ òjé náà, ó lẹ pákó tuntun mọ́ ọn, ó kùn ún títí ó fi ń dán. Ìka kan ló fi tì í lójú ọ̀gá àgbà. Gbogbo èèyàn ló pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí àga rẹ̀ ti máa ń jìnnà sí ilẹ̀kùn nítorí ariwo, wá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, kò sì sí aláìsàn tí kò sọ fún pé iṣẹ́ ọkọ òun nìyẹn.

Nígbà tí Ìka-Kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ó bá ọ̀gá àgbà tó dúró pẹ̀lú obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Báàgì aláwọ kan wà lọ́rùn obìnrin náà, kẹ́ẹ̀gì omi sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Olùyẹ̀wò ni, àjọ tó ka báàjì ló rán an.

"Ẹ̀yin lọkọ akọ̀wé?" olùyẹ̀wò béèrè. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró tì wá."

"Mà, ìyàwó mi kò gbàgbé báàjì ẹ̀ sínú yàrá yẹn."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Báàjì kì í parọ́, àmọ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ bá wà nìkan ló ń sọ. Tó bá wà láyà èèyàn, ti èèyàn ló ń sọ. Tó bá wà lórí tábìlì, ti tábìlì ló ń sọ."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn," ọ̀gá àgbà sọ wọlé. "Orí tábìlì ló wà."

"Ìyẹn la wá wò, ọ̀gá."

Olùyẹ̀wò gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọ inú yàrá, ó gbé e sójú ibi tí àwọn aláìsàn máa ń dúró sí fún fọ́tò àyà. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ilẹ̀kùn. Ìka-Kan kò lè pa á mọ́ra.

"Kí ni omi fẹ́ ṣe níbẹ̀, mà?"

"Omi laláìsàn wa lónìí. Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn. Bí ìtànṣán ṣe ń fọ́n ká lára èèyàn ló ṣe ń fọ́n ká lára omi. Mi ò kúkú lè gbé èèyàn síbẹ̀ kí n wá máa fi dánra wò. Wọ́n ti ṣe é rí."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó kọ́kọ́ ní irú ẹ̀rọ yìí láyé. Kò sí irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi wọn ìtànṣán nígbà yẹn. Àwọn mìíràn nínú wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n máa ń nà síwájú ẹ̀rọ láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Tí awọ bá pọ́n, wọ́n á ní, 'Ó ti tó.' Ìgbà tó yá, awọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, wọ́n ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kú sí i."

Ìka-Kan rọra ti ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò.

"Ojú kì í rí ìtànṣán," olùyẹ̀wò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bó ṣe ń tú báàgì. "Kò rùn, kò gbóná. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Fọ́tò wà lára ohun tó kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ẹnì kan fi bébà dúdú wé gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò, ó gbé òkúta kan lé e lórí, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Oòrùn ò débẹ̀. Nígbà tó máa yọ ọ́, ojú ibi tí òkúta wà ti dúdú lára gíláàsì náà. Òkúta yẹn ń tan ohun kan jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí wọ́n rí i pé fíìmù lè jẹ́rìí ohun tí ojú ò rí, fíìmù ni wọ́n sì ń fi sínú báàjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wóró ló wà nínú ti ìyàwó yín. Tí a bá gbé e sínú ooru, á tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Bí ìtànṣán tó mu bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ náà ń pọ̀ tó."

Ó yọ ẹ̀rọ kan tó ní ọ̀pá kúkúrú létí. Bó ṣe tàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún: ta... ta, ta... ta. Ọ̀gá àgbà sún sẹ́yìn.

"Kò tíì sí nǹkan kan," obìnrin náà wí. "Ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ wà níbi gbogbo, a ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Afẹ́fẹ́ kan ni wọ́n dé mọ́ inú ọ̀pá yìí, pẹ̀lú wáyà kan tó ní iná. Tí ìtànṣán bá wọ inú rẹ̀, á la ọ̀nà sínú afẹ́fẹ́ yẹn, iná á sáré gbabẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á sì ké lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀gá Onífọ́tò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọlé lọ sí ẹ̀yìn ògiri kékeré tó máa ń dúró sí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Olùyẹ̀wò kọ́kọ́ dúró níwájú ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí Ọ̀gá Onífọ́tò tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ta... ta, ta. Kò sí ìyàtọ̀.

Olùyẹ̀wò wá lọ síbi àga akọ̀wé. Tìmùtìmù tí ìyàwó Ìka-Kan fi ń jókòó ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rọ náà han tarararara bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ọ̀gá àgbà fò sẹ́yìn. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi. Aboyún kan wà nínú wọn, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò sì dúró mú un. Ìka-Kan nìkan ni kò lè gbé ẹsẹ̀. Tìmùtìmù yẹn ló ń wò.

"Ẹ tún un tẹ̀." Ó tún han.

Olùyẹ̀wò fi ìka kan ògiri. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Ó fi kan ilẹ̀kùn, ó dún kó, kó, kó, bí àpótí òfìfo. Ó fi ọwọ́ tì í, ilẹ̀kùn sì lọ wọ́ọ́rọ́.

"Ta ló tún ilẹ̀kùn yìí ṣe?"

Ó tún fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìtànṣán fọ́tò yìí ń gba inú igi kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú gíláàsì kọjá. Òjé ló máa ń dá a dúró. Òjé gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀kùn yìí. Ó yẹ kó wúwo. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló wúwo."

Ìka-Kan rí òjé náà lójú inú, bí òun ṣe fà á yọ, bí òun ṣe ń rẹ́rìn-ín, bí òun ṣe ń pe ọmọlúàbí oníṣẹ́ kan ní ọ̀lẹ. Ó lè dákẹ́. Ọ̀gá àgbà, tó mọ ẹni tó ṣe é, kò kúkú lanu. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ ni wọn yóò di ẹ̀bi náà rù.

"Èmi ni," ó wí. "Mo yọ ọ́. Mo rò pé ẹni tó kàn án kò mọṣẹ́ ni."

"Òjé náà dà?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìṣó ni mo ń nà lórí ẹ̀."

Ọ̀gá Onífọ́tò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi náà dé láti ìsinmi, mo rí i pé ó ti fúyẹ́. Mo kàn dúpẹ́ pé èjìká mi ti sinmi ni. Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, ta lẹ bi kí ẹ tó jẹ́ kó fọwọ́ kàn án?" olùyẹ̀wò béèrè.

Omi ti dé ojú Ìka-Kan. "Mà, mo ti fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Mo gbọ́ bó ṣe ké."

"Igbe kọ́ ni ìwọ̀n," obìnrin náà dáhùn. "Ajá lẹ̀rọ yìí. Ó lè sọ fún yín pé nǹkan wà níta, kò lè sọ bóyá olè ni àbí ewúrẹ́ aládùúgbò. Èyí ló ń wọ̀n." Ó yọ ẹ̀rọ kejì nínú báàgì, àpótí kan tí kì í ké rárá, nọ́ńbà nìkan ló ń yọ lójú rẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gá Onífọ́tò tẹ tirẹ̀ léraléra. Ó wọ̀n ọ́n níbi àga, ó wọ̀n ọ́n níbi bẹ́ńṣì, ó fi wé iye tó wà lára báàjì. Ìka-Kan dúró tì í bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

"Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa," olùyẹ̀wò wí nígbà tó parí. "Iye tó kan ìyàwó yín ju èyí tí òfin fẹ́ kí aboyún gbà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Kò dára, ọsibítù yìí máa jẹ́jọ́ ẹ̀ níwájú wa. Àmọ́ kò ju ohun tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láàárín ọdún kan lọ. Iye tí àwọn dókítà mọ̀ pé ó lè ṣe ọmọ inú léṣe, èyí kò tó ìdá kan nínú ogún ẹ̀. Kí ìyàwó yín máa gba ìtọ́jú aboyún ẹ̀ lọ bó ṣe ń gbà á. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oyún yẹn."

"Kò ní nílò kí wọ́n fọ ìtànṣán náà kúrò?"

Olùyẹ̀wò yí ojú sí i. "Kí wọ́n fọ kí ni? Tí ẹ bá pa iná yàrá, ṣé ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sára ògiri? Ìtànṣán fọ́tò kọjá ni, kò dúró sára. Kò sí oògùn kan tó ń fọ̀ ọ́ láyé yìí. Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́?"

Ìka-Kan bojú wo ìta láti ojú fèrèsé. Oòrùn ti kan àtàrí.

Ó pe fóònù ìyàwó rẹ̀. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè é. Ọ̀gá Onífọ́tò ti mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ lápò kí Ìka-Kan tó parí àlàyé. Wọ́n jáde. Ẹsẹ̀ Ìka-Kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ sáré. Ẹ sáré."

Ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí àga, níwájú tábìlì. Bébà ti ṣí, kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀ mọ́. Kọ́ọ̀pù wà níwájú rẹ̀.

Ìka-Kan di férémù ilẹ̀kùn mú. "O ti mu ún?"

Obìnrin náà gbójú sókè. "Mo ti pò ó. Mo ń dúró kí ọwọ́ mi dẹ́kun gbígbọ̀n ni."

Ìka-Kan gba kọ́ọ̀pù náà, ó gbé e jìnnà, ó sì wólẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀. Ó sọ ti kẹ́ẹ̀gì omi fún un, ti ẹ̀rọ tó ń ké, ti ẹ̀rọ tó ń wọ̀n, ti ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣẹ́ kù sára ògiri. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ wa." Ó sọ ọ́ títí obìnrin náà fi gbà á gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ dorí kodò sórí tábìlì, ó sunkún mìíràn, èyí yàtọ̀ sí ti àná.

Nígbà tó nu ojú, ó béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀rù. "Ibo ló wá gbà kàn mí?"

"Ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn tí mo ṣe. Òjé tí mo yọ, òun ló ń dáàbò bò yín."

Kò pariwo lé e lórí. Ìka-Kan ì bá fẹ́ kó pariwo.

"Èmi ní báàjì," obìnrin náà wí. "Àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ńkọ́? Èmi ni mo máa ń ní kí àwọn aboyún sún mọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n lè tètè gbọ́ orúkọ wọn. Ta ló máa sọ fún wọn?"

Olùyẹ̀wò ló ní èsì. Ó ti wọn ti bẹ́ńṣì náà, ohun tó débẹ̀ kò tó nǹkan rárá, torí pé kò sẹ́ni tó ń pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ti yàrá fọ́tò pa títí òjé fi padà sáyè rẹ̀. Ìyàwó Ìka-Kan sì dìde lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti yí ilẹ̀kùn padà, ó ń ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n igbe ẹ̀rọ ti ṣáájú ìwọ̀n rẹ̀ dé àdúgbò. Aboyún tó sá kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ yẹn, tó fi bàtà kan sílẹ̀, ti lọ ra ìyẹ̀fun yẹn lọ́dọ̀ Dókítà Àdúgbò. Kò dúró kí ọ̀sán ọjọ́ kejì pọ́n kó tó mu tirẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Ìka-Kan pè é lórí fóònù, ìyá rẹ̀ ló gbé e. Wọ́n ti gbé obìnrin náà dìgbàdìgbà lọ sọ́sibítù mìíràn. Òun yè é. Ọmọ kò yè. Àwọn agbófinró ti ti ṣọ́ọ̀bù Dókítà Àdúgbò báyìí, àmọ́ ìyẹn kò jí ẹnikẹ́ni dìde.

Ọmọ Ìka-Kan ti ń rá kiri inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Obìnrin ni, ara rẹ̀ le. Bàbá rẹ̀ kì í sì í fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọsibítù mọ́ láìjẹ́ pé ó bi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹ bá jẹ́ káfíńtà, bíríkìlà tàbí oníṣẹ́ iná, tí wọ́n sì pè yín sí yàrá tí wọ́n ti ń lo ìtànṣán, ẹ má yọ ohunkóhun kúrò lára ògiri tàbí ilẹ̀kùn rẹ̀ láìjẹ́ pé àjọ tó ń mójú tó ìtànṣán mọ̀ sí i. Ẹ̀yin ọ̀gá ọsibítù, lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí, ẹ pe olùyẹ̀wò wá wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá ń fi báàjì, ẹ máa fi í ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó sùn sínú yàrá fọ́tò. Bó bá mú ohun àjèjì wá, ẹ má kọ́kọ́ wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi, ẹ wá ohun tó yí padà.

Ìwọ aboyún, sọ fún ẹni tó fẹ́ yà ọ́ ní fọ́tò pé o lóyún. Bí dókítà bá sì sọ pé o nílò fọ́tò náà, má sá fún un. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ pé ìtànṣán kan ọ́, dókítà ni kí o lọ bá, kí o ní kí wọ́n sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ọ. Má ra oògùn kankan tí wọ́n ní ó ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n wọn ibi tí ìyá ọmọ tó kú yẹn jókòó sí, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kò lè pa èèrà.